Kásẹ́ẹ̀tì Tí Mo Tò Láti Ẹ̀yìn

Ẹ̀rọ fídíò méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù wa nígbà náà, ọ̀kan lórí tábìlì, èkejì lórí àpótí tí a fi aṣọ bò. Waya ló so wọ́n pọ̀. Èyí tó wà lórí tábìlì máa ń ka kásẹ́ẹ̀tì tí a gbé dé láti òde. Èyí tó wà lórí àpótí máa ń gbà á sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì tí oníbàárà máa gbé lọ sílé. Iṣẹ́ mi ni láti jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, kí n mọ ohun tó yẹ kó kọjá láti inú ìkíní sínú èkejì, kí n sì mọ ohun tí kò yẹ. Ohun tí kò yẹ kì í wọ́n: ilẹ̀ tí kámẹ́rà ń yà nígbà tí ọ̀gá mi bá gbàgbé láti pa á, ẹ̀yìn ẹni tó ń pín oúnjẹ, ọkùnrin tó sùn lọ nígbà ìwàásù.

Bọ́tìnnì tí à ń pè ní pọ́ọ̀sì ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, àwòrán á dúró. Bí o bá tún un tẹ̀, á máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wa kì í gbà kí ènìyàn dá òun dúró pẹ́. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá pé, á já ara rẹ̀ gbà, á sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, yálà o ti pinnu ohun tí o fẹ́ ṣe tàbí o kò tíì pinnu. Ọ̀gá mi ní kí tépù má baà jẹ ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. N kò fẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ lásán, mo fi aago ọwọ́ mi wọ̀n ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni, pẹ̀lú ìṣẹ́jú-àáyá bíi mélòó kan.

Ìmọ̀ ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì. Mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán ní òkè Ọya, mo ti padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì ti kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ débi pé mo mọ ohun tí wọ́n máa fi dáhùn kí n tó ya àpòòwé. Ìjọba kò gba òṣìṣẹ́ mọ́. Ọmọ ìjọ wa kan tó ti ń ya fọ́tò láti ìgbà tí mo wà ní kékeré ra kámẹ́rà fídíò, ó ní òun nílò ẹni tó lè jókòó jẹ́ẹ́, kó sì máa kọ nǹkan sílẹ̀. Bí mo ṣe di ọmọṣẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò Imọ̀wo nìyẹn. Ó máa ń pè mí ní Akọ̀wé. N kò mọ̀ bóyá ó ń yìn mí ni tàbí ó ń bú mi. Mo rò pé méjèèjì ni.

Àbúrò mi obìnrin kan ṣoṣo ní àìsàn tí à ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Orúkọ náà bá a mu. Ó lè máa jó lónìí kí gbogbo eegun rẹ̀ máa ro ó lọ́la, ó sì lè wà lórí ibùsùn lọ́jọ́ Ẹtì kó dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, kó jókòó sáàárín àwọn akọrin bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Nítorí pé ó máa ń dìde, ó ti mọ́ wa lára pé yóò dìde.

Ọjọ́ Sátidé kan, a lọ ya ìgbéyàwó ní Ayépé, ó sì bá wa lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé-ìwé gírámà ni ìyàwó. Ọgbà ilé-ìwé kan ni wọ́n ti ṣe àpèjẹ, lábẹ́ àtíbàbà. Ọ̀gá mi gbé kámẹ́rà léjìká, èmi gbé iná. Ẹni tó bá gbé iná kò gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, nítorí abẹ́ àtíbàbà máa ń ṣókùnkùn nínú fídíò. Bí iná bá yẹ̀, ojú ìyàwó á dúdú, ìyá ìyàwó á sì wá bá wa jà.

Mo rántí pé àbúrò mi wá bá mi látẹ̀yìn. Mo rántí pé ó fọwọ́ kan apá mi. Ohun tó sọ, àti ohun tí mo fi dá a lóhùn, n kò rántí wọn. Tàbí kí n sọ ọ́ bó ṣe yẹ: láàárín ọjọ́ yẹn àti ọjọ́ kejì, mo ti pinnu pé n kò rántí wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà bi wá pé ìgbà wo ni ìrora náà bẹ̀rẹ̀. Màmá mi ló kọ́kọ́ dáhùn.

"Ara rẹ̀ yá gágá nígbà tó jáde nílé, dókítà. Ó tiẹ̀ ń kọrin."

Dókítà yíjú sí mi.

"Nínú ọkọ̀ ni, sà," mo ní. "Nígbà tí à ń bọ̀."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo dúró wo báírò rẹ̀ bí ó ṣe ń kọ ọ́, mo rí ọ̀rọ̀ mi tó di ohun tó wà lákọsílẹ̀, n kò sì ní kó tún un kọ. Àbúrò mi kú láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni.

Ikú ọ̀dọ́ kì í ṣe ìnáwó lọ́dọ̀ wa. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Wọ́n sin ín lọ́sàn-án ọjọ́ náà, láìsí agogo, láìsí àlejò, wọn kò sì jẹ́ kí èmi tàbí màmá mi tẹ̀lé wọn. A kì í fi ibojì ọmọ han ìyá. Bàbá mi ti kú tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí, ló wá bá wa gbé fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó kó gbogbo fọ́tò àbúrò mi kúrò lára ògiri pálọ̀, ó kó aṣọ rẹ̀ àti ìwé rẹ̀, ó kì wọ́n sínú àpótí, ó sì gbé àpótí náà lọ. "Ojú tó bá ṣì ń rí i kò ní jẹ́ kí ọkàn sinmi," ló wí. Kì í ṣe ìkà. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún òun náà nìyẹn nígbà tí ọmọ tirẹ̀ kú. Lára ògiri tí ẹ̀fin ti pọ́n, ibi tí fọ́tò ti kúrò funfun, onígun mẹ́rin mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀ mọ́ nílé wa. Màmá mi, olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, padà sẹ́nu iṣẹ́. Èmi náà padà. N kò sunkún. Mo ń retí kí n sunkún bí ènìyàn ṣe ń retí lẹ́tà, kò dé.

Nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá mi dìde fún mi, ohun tí kò ṣe rí.

"Akọ̀wé. Ọlọ́run á tù yín nínú. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́."

"Àmín, sà."

"Kásẹ́ẹ̀tì Ayépé ṣì wà ńlẹ̀. Èmi fúnra mi ni màá ṣe é. Ìwọ lọ tú jẹnẹrétọ̀ yẹn wò, ó ń wúkọ́ bí arúgbó."

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe é, Ọ̀gá."

"Orí ẹ pé ṣá?"

"Ó pé, sà."

"Orí tó pé kì í sọ bẹ́ẹ̀." Ṣùgbọ́n ó gbé kásẹ́ẹ̀tì náà fún mi.

Mo ti kọ́kọ́ rò pé mo fẹ́ rí ojú rẹ̀ ni, nítorí pé kò sí ibòmíràn tí mo ti lè rí i mọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́ náà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí mo sọ fún dókítà lè jẹ́ òdodo.

Níbi tí wákàtí kan ti kọjá díẹ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, ìyá ìyàwó wà lójú àwòrán, ó ń gba ẹ̀bùn, ó ń fi lé ẹnì kejì lọ́wọ́. Kéèkì wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí tábìlì, alájà mẹ́ta, wọn kò tíì gé e. Ohùn kan dún, ó súnmọ́ kámẹ́rà ju ti gbogbo èrò lọ.

"Bùọ̀dá mi. Bùọ̀dá mi, ẹsẹ̀ ń ro mí."

Ohùn mi dáhùn, ohùn ẹni tí wọ́n dí lọ́wọ́: "Dúró ná. Ṣé o ò rí i pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe ni?"

"Ó ti ń gun ẹ̀yìn mi bọ̀."

"Wọ́n máa tó gé kéèkì. Lọ jókòó."

Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dáa, sà."

Kì í pè mí ní sà àfi tó bá ń ṣe yẹ̀yẹ́. Mo tẹ́tí sí "sà" yẹn títí, n kò rí yẹ̀yẹ́ kankan nínú rẹ̀.

Mo bọ́ aago ọwọ́ mi, mo gbé e ka orí tábìlì, mo sì wọn ohun tó wà láàárín ìgbà tó sọ̀rọ̀ yẹn àti ìgbà tí a rìn lọ sídìí ọkọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀gá mi máa ń pa kámẹ́rà láti fi bátìrì pamọ́. Kò lè dín. Bóyá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta lè pa ènìyàn, n kò mọ̀. Dókítà mìíràn tí mo bi léèrè lẹ́yìn ọdún díẹ̀ sọ pé òun kò rò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ fún un náà ló fi dá mi lóhùn.

Mo ṣe tàwọn ará Ayépé bó ṣe yẹ. A kì í gé ojú àlejò kúrò nínú fídíò ìgbéyàwó. Àwọn ẹbí máa ń jókòó ka ojú lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹnì kan bá sọnù, ìjà dé. Nítorí náà mo fi àbúrò mi sílẹ̀ níbi tó wà. Ohùn tiwa nìkan ni mo fi orin bò. Ọ̀gá mi gbé e fún wọn. Lẹ́yìn náà ni mo mú kásẹ́ẹ̀tì tí a fi kámẹ́rà gbà, mo fi ẹnu ọ̀bẹ ṣẹ́ ike kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ike yẹn bá ti kúrò, ẹ̀rọ kò ní lè gba nǹkan mìíràn lé e lórí.

Mo ra kásẹ́ẹ̀tì kan fún ara mi. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi lọ ya ìsọmọlórúkọ ní Odogbolu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe kò gba wákàtí kan. Mo mú "Bùọ̀dá mi, ẹsẹ̀ ń ro mí," mo tẹ pọ́ọ̀sì kí ohùn tèmi tó bẹ̀rẹ̀, mo yí kásẹ́ẹ̀tì lọ síwájú dé ibi tí ọ̀gá mi ti ń ya àwọn èrò tó ń lọ sílé, mo sì tú pọ́ọ̀sì sílẹ̀ níbẹ̀. Nínú èrò yẹn ni èmi àti àbúrò mi wà. Mo gbé iná àti àpótí rẹ̀ lọ́wọ́ kan, ó fara ti apá mi kejì. Mo dá a padà sẹ́yìn, mo wò ó. Ọmọbìnrin kan sọ pé ẹsẹ̀ ń ro òun, kíá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú un lọ sílé. Kò sí ìṣẹ́jú kan láàárín. Mo tún un wò. N kò mọ iye ìgbà tí mo wò ó. Mo mọ̀ pé èémí mi ń balẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì mọ̀ pé nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ọjọ́ náà bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

N kò gbọ́ ìró ọkọ̀. Ọ̀gá mi ti wà lẹ́yìn mi.

"Kí lò ń wò yẹn?"

Mo na ọwọ́ sí bọ́tìnnì.

"Má pa á. Èmi ni mo yà á, ojú mi ò fọ́." Ó wò ó títí tó fi tán. "O gé e dáadáa. Bí mo bá jẹ́ àlejò, mi ò ní mọ̀. Àfi kéèkì yẹn."

"Kéèkì wo?"

"Alájà mẹ́ta ló wà lẹ́yìn ìyá ìyàwó. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti di wẹ́wẹ́, ó ti dé inú tísù lọ́wọ́ gbogbo èrò. Ta ló gé e, Akọ̀wé? Àǹjọ̀nú?"

Mo dá a padà. Òótọ́ ni. Ó sì burú ju bí ọ̀gá mi ṣe rí i lọ, nítorí àbúrò mi náà mú tirẹ̀ lọ́wọ́, ó fi tísù wé e dáadáa. Ó ti dúró títí wọ́n fi gé kéèkì, bí mo ṣe ní kó dúró, ó sì gba ti màmá wa pamọ́. N kò lè gé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Fún ta lo ṣe é?" ọ̀gá mi bi mí.

"Kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni."

"Kò sí fídíò tí kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹlòmíì ò bá wò ó, ìwọ á wò ó." Ó jókòó, ó ń nu ojú kámẹ́rà. "Iná mi lò ń gbé lọ́jọ́ yẹn," ló ní, kò sì sọ ohun tó fẹ́ fi ìyẹn wí. Lẹ́yìn náà, "Sátidé tó ń bọ̀, òkú àgbà kan wà ní Ibefun. Kásẹ́ẹ̀tì Ayépé ni màá gbé lọ."

"Mo ti ṣẹ́ ike rẹ̀, sà."

"Sẹ́lótéèpù ò tíì tán nílẹ̀ yìí."

Bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kásẹ́ẹ̀tì wọ́n, èyí tí a gbé lọ síbi ìgbéyàwó lónìí ni à ń gbé lọ síbi ìsìnkú lọ́la. A ó fi sẹ́lótéèpù dí ihò ike, ẹ̀rọ á gbà. Mo ti mọ̀. Mo ṣáà ti ṣẹ́ ẹ ná ni.

Ọjọ́ mélòó kan ló kù sí Sátidé náà. Lọ́jọ́ kejì, mo ń dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà sẹ́yìn láì pa àwòrán rẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe tí a bá ń wá ibì kan. Mo rí àbúrò mi tó ń fẹ̀yìn rìn kúrò nídìí ọkọ̀. Ó fẹ̀yìn rìn dé ibi àga, ó jókòó, ọwọ́ rẹ̀ ń ra orúnkún. Lẹ́yìn náà ó dìde fùú, ó fẹ̀yìn lọ sáàárín àwọn tó ń jó, kò sì tiro mọ́. Mo tẹ pọ́ọ̀sì. Títí ẹ̀rọ fi já ara rẹ̀ gbà, n kò kúrò lórí àga.

Mo pinnu pé màá tò ó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ibi tí ojú rẹ̀ tàbí ohùn rẹ̀ bá wà, màá gé e ní odindi, n kò ní yọ ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kẹ́yìn ni màá fi ṣíwájú. Ọ̀nà mọ́kànlá ni gbogbo rẹ̀ pín sí. Mo gbà á lé èyí tí mo ti kọ́kọ́ ṣe lórí, irọ́ náà sì parẹ́ bí mo ṣe ń lọ. Iṣẹ́ náà ṣòro, nítorí bí a bá tú pọ́ọ̀sì sílẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbà á sílẹ̀ máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó mú, á sì jẹ ìdí èyí tó ṣáájú. Mo ní láti máa kà á lọ́kàn, ọ̀kan, méjì, kí n tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà mìíràn mo kà á yá jù, ẹ̀rín rẹ̀ á gé sí méjì, màá tún un ṣe. Ọ̀sán mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Ohùn mi wà nínú rẹ̀, ní ọ̀nà kẹrin. N kò lè sọ pé ó tù mí nínú. Ohun tí mo lè sọ ni pé mo lè gbọ́ "Lọ jókòó" nísinsìnyí, kí n sì máa wò ó lọ, nítorí mo mọ̀ pé lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò dìde.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni màmá mi wọlé. Láti ilé-ìwé ló ti ń bọ̀, ẹfun ṣì wà ní ìka rẹ̀. Kò wá sí ṣọ́ọ̀bù wa rí.

"Ẹ káàsán, mà," ọ̀gá mi kí i, ó ń wá aṣọ tó máa fi nu àga.

"Ẹ kú iṣẹ́ o." Èmi ló yíjú sí. "Ìyá ìyàwó Ayépé wá kí mi ní ilé-ìwé. Ó ní àwọn rí i nínú fídíò. Ó ní ó ń jó. Ó sọ ọ́ tán kó tó rántí pé kò yẹ kí òun sọ ọ́, ló bá fọwọ́ bo ẹnu." Ó wo ẹ̀rọ méjèèjì. "Ṣé ó wà níbí?"

Ọ̀gá mi ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kò dáa kí ẹ̀yin fojú yín—"

"Mo mọ ohun tí kò dáa kí ojú mi ṣe. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún mi. Ẹ bá mi gbé àga yẹn súnmọ́ tòsí."

Ọ̀gá mi gbé e fún un. Lẹ́yìn náà ló jáde, ó fa ilẹ̀kùn dé, a sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níta tó ń sọ fún oníbàárà kan pé kò síná.

Mo gbé e yẹ̀wò. Àwọn àgbà ní kí ìyá má rí i; wọ́n ti rí ọ̀fọ̀ jù mí lọ, n kò sì ní ẹ̀rí pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Lọ́wọ́ kejì, ìyá náà ló jókòó yìí, ó ní òun fẹ́ rí i. Bí mo bá fi èyí tí mo tò hàn án, yóò gbọ́ ohùn mi. Mo lè fi orin bò ó, bí mo ṣe ṣe fún àwọn ará Ayépé. Ó máa gbà mí ní ìdajì wákàtí. Mo rántí kéèkì tó tú irọ́ mi fó, mo kì kásẹ́ẹ̀tì náà bọ inú ẹ̀rọ.

Ìgbà tí à ń lọ sídìí ọkọ̀ ló kọ́kọ́ jáde.

"Kéèkì mi nìyẹn," màmá mi ní. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ síwájú lórí àga. "Kí ló dé tó ń wọ́ ẹsẹ̀ báyìí? Kò ì tíì wọkọ̀. O ní inú ọkọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀nà kejì jáde, ó jókòó, wọ́n ń fún un ní kéèkì, ó ń fi tísù wé e. Ọ̀nà kẹta, ó jókòó síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún, ẹnikẹ́ni kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyá ìyàwó yọ pẹ̀lú ẹ̀bùn lọ́wọ́, mo tẹ pọ́ọ̀sì.

Mo fẹ́ sọ ọ́ fúnra mi kí ẹ̀rọ tó sọ ọ́. Màmá mi kò bi mí pé kí ló dé tí mo dá a dúró. Ó ń fi àtàǹpàkò ra ẹfun tó wà ní ìka rẹ̀, ìka kan tẹ̀lé òmíràn. Mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni ẹ̀rọ ní. Mo ti wọ̀n ọ́. N kò lè búra pé kì í ṣe ìyẹn ni mo gbójú lé.

Ẹ̀rọ já ara rẹ̀ gbà. "Bùọ̀dá mi," àbúrò mi pè mí. "Bùọ̀dá mi, ẹsẹ̀ ń ro mí."

A gbọ́ ọ títí dé "Ó dáa, sà."

Fídíò ń lọ. Àbúrò mi ti wà láàárín àwọn tó ń jó, ó gbé ọwọ́ sókè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ìyàwó ń fi báàgì ọwọ́ gbá a nídìí, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Ojú màmá mi kò kúrò lára rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kó tó wọṣọ, ó ní orúnkún ń ro òun. Mo ní kó mu oògùn rẹ̀, kó máa lọ. Mo ní bí kò bá yọjú níbi ìgbéyàwó ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní ó ń jowú, pé ara àìlera rẹ̀ ni kò jẹ́ kó rí ọkọ tirẹ̀."

Mo yíjú kúrò lójú àwòrán.

"Kò kọrin?" mo bi í.

"Kò kọrin."

A kò dárí ji ara wa. N kò rántí pé ẹnikẹ́ni nínú wa tọrọ rẹ̀. Bóyá a rò pé kì í ṣe tiwa láti fúnni. A jókòó, a ń wò ó bí ara rẹ̀ ṣe ń yá sí i. Nínú ọ̀nà kọkànlá, ọkọ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ayépé láàárọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó súnmọ́ díńgí ọkọ̀ láti tún gèlè rẹ̀ wé. Ó rí i pé kámẹ́rà ti ń ṣiṣẹ́. "Ẹ dúró, Ọ̀gá, gèlè mi ò tíì dúró!" Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bojú. Ibẹ̀ ló parí sí.

"Ara rẹ̀ yá gágá," màmá mi ní. Ìgbà yẹn ló bú sẹ́kún. Èmi náà, ohun tí mo ti ń retí dé, ó sì dé láìkanlẹ̀kùn.

Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó bi mí pé èyí tí mo ti mú un jáde ńkọ́. Mo ní ọ̀gá fẹ́ gbé e lọ sí Ibefun lọ́la, ṣùgbọ́n bí òun bá fẹ́, mo lè bẹ̀ ẹ́ pé kó tà á fún mi.

"Jẹ́ kó gbé e lọ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún gbọ́ ìyẹn." Ó dìde. "Èyí, gbé e wá sílé. Má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ rí i."

Ó wà lọ́wọ́ mi di òní. Kì í ṣe pé n kò mọ àléébù rẹ̀. Bí àjèjì bá wò ó, á rí ọmọbìnrin kan tí ẹsẹ̀ ń ro, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó lọ jókòó, tó sì wá dìde jó. Kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe tẹ̀lé ara wọn gan-an, èmi àti màmá mi nìkan ló kù tó lè sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, mo gé sẹ́lótéèpù, mo fi dí ihò tí mo ṣẹ́, mo sì fi èékánná tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìyá arúgbó ni wọ́n sin ní Ibefun, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ pọ̀ bí eèrà. Ọ̀gá mi gbé kámẹ́rà, èmi gbé iná. Mo mọ̀ pé níbi tí wákàtí kan ti kọjá díẹ̀ ni ohùn wa wà, mo sì fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n máa bò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ń pa kámẹ́rà, ó tún ń tàn án, aago ọwọ́ mi kò lè wọ̀n ọ́. N kò mọ ìṣẹ́jú tó jẹ́. Nítorí náà mo gbé iná náà dúró ṣinṣin láti òwúrọ̀ títí wọ́n fi parí, kò yẹ̀.